Ojú mi rí ìràwọ̀ tó já ní Ìdànrè, kámẹ́rà mi ò rí ẹyọ kan

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Lóṣù Kejìlá tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi gun òkè Ìdànrè lóru ká lè ya àwọn ìràwọ̀ tó ń já tí wọ́n ń pè ní Geminids. Ojú mi rí bíi méjìlá. Mo ya fọ́tò bí igba, àmọ́ ẹyọ ìràwọ̀ kan ò já sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí ọ̀kan bá ti já báyìí ni mò ń sáré yí kámẹ́rà síbẹ̀. Lẹ́ǹsì 50mm ni mo lò, mo sì ń ṣí i fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Àwọn ìràwọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ pàápàá fà gbọọrọ bí òwú. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú wàhálà òkè yẹn. Ibi tó yẹ kó o dẹ pàkúté sí lo gbé ìbọn lọ. Ìràwọ̀ tó já kì í sábà lò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Kó o tó yí kámẹ́rà, ó ti lọ. Ojú kan ni kó o kọ kámẹ́rà sí lórí tripod, ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà dúró, kó o fi remote tó ń bá ọ tẹ bọ́tìnì sí i, kó máa ya lọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí àlàfo tó wà láàárín fọ́tò kan sí èkejì má ju ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, gbọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀. Èmi máa ń ya bí ẹgbẹ̀rún kan fọ́tò lóru ọjọ́ kan, bí mo bá sì rí mẹ́wàá tí nǹkan já sí nínú wọn, inú mi dùn délé.

Ojú lẹ́ǹsì 50mm há jù fún iṣẹ́ yìí. Yá èyí tó wà láàárín 14mm sí 24mm, tó lè ṣí dé f/2.8 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń là tó), kó o gbé ISO, ìyẹn agbára tí kámẹ́rà fi ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára, sí 3200. Pé ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà, pẹ́ kó tó pa dé kò mú kí ìràwọ̀ tó ń já mọ́lẹ̀ sí i nínú fọ́tò. Ó ti kọjá ná. Ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló ń funfun sí i. Bí lẹ́ǹsì ṣe là tó àti ISO ló ń mú un.

Ní ti ìràwọ̀ tó fà bí òwú, wọ́n á ní kó o fi mílímítà lẹ́ǹsì pín 500. Tìẹ á jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10, o wá lo 30! Èmi ò tiẹ̀ lo 500 yẹn nílẹ̀ wa. Ní Ìdànrè, ìràwọ̀ àríwá tí gbogbo ìràwọ̀ yòókù ń yí po rẹlẹ̀ gan-an, bí ìwọ̀n (degree) 7 péré lókè ilẹ̀. Bí ìràwọ̀ bá sì ṣe jìnnà sí i tó ló ń sáré tó, nítorí náà àwọn tó wà lórí wa gan-an ló ń sáré jù nínú fọ́tò. 300 ni mo máa ń pín. Lẹ́ǹsì 20mm, ìṣẹ́jú àáyá 15.

Má kọjú kámẹ́rà sí ibi tí àwọn ìràwọ̀ tó ń já ti ń jáde wá. Ibẹ̀ ni Gemini, àwùjọ ìràwọ̀ kan, Ìbejì lorúkọ yẹn sì túmọ̀ sí, kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti rántí: ìràwọ̀ méjì tó mọ́lẹ̀, tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó ń yọ níhà ìlà oòrùn lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, tó sì ń ga jù láàárín agogo méjì sí mẹ́ta òru. Èyí tó bá já nítòsí wọn kúkurú ni. Èyí tó jìnnà sí wọn ló máa ń fa ìlà gígùn. Ìmọ́lẹ̀ Àkúrẹ́ náà wà níhà àríwá Ìdànrè, nítorí náà kọ ẹ̀yìn sí i, kọjú sí gúúsù.

Ọ̀tá tó le jù ni ọyẹ́. Eruku tó ń kó bọ̀ láti Sàhárà lè bo ìràwọ̀ pátápátá. Mo ní àmì kan: bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá pọ́n bí ẹyìn, tó sì pòórá kó tó kan ilẹ̀, mo máa ń yí ọkọ̀ padà sílé. Má sì retí iye 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan tí wọ́n ń kọ káàkiri. Ọ̀run tó mọ́ gaara, tí Ìbejì sì wà ní àtàrí, ni wọ́n fi ṣírò yẹn. Ní 2026, òṣùpá tuntun bọ́ sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, nítorí náà lóru ọjọ́ 13 mọ́jú 14, òṣùpá á ti wọ̀ kó tó di ọ̀gànjọ́. Àwọn tó ń já lóṣù Kẹjọ, tí wọ́n ń pè ní Perseids, òjò àti ìkùukùu kì í jẹ́ ká gbádùn ẹ̀ níbí.

Ohun kan wà tó ti dùn mí rí. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ní ètò kan tó ń pa ariwo inú fọ́tò, ìyẹn àwọn àmì wínníwínní tó ń ba fọ́tò òru jẹ́, long exposure noise reduction. Bí o bá ya ìṣẹ́jú àáyá 15, á tún fi 15 mìíràn jókòó, kò ní ya nǹkan kan. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ọ̀kan já lórí àpáta tó mọ́lẹ̀ débi pé mo rí òjìji ara mi nílẹ̀. Mo bojú wo kámẹ́rà: iná pupa kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń tàn, ó ń pa ariwo lọ́wọ́. Pa ètò yẹn kó o tó kúrò nílé.

Fọ́tò tó o máa ń rí, tí ìràwọ̀ ogún ń já lẹ́ẹ̀kan náà lórí àpáta, kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n ya àpáta nírọ̀lẹ́ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì wà, tripod ò kúrò lójú kan, wọ́n wá kó àwọn tó já ní gbogbo òru lé e. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, bí ẹni tó ṣe é bá ti sọ ọ́. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀, kó o sì ya á ní RAW, fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe.

Gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó òkè náà kó o tó sùn síbẹ̀, kí ẹni tó mọ ọ̀nà bá ọ lọ. Pa autofocus, ètò tó ń mú kí lẹ́ǹsì wá ojú tó hàn kedere fúnra rẹ̀, sún Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lóru, mọ́ra lórí ojú kámẹ́rà títí á fi dà bí orí abẹ́rẹ́, kó o fi sẹ́lótéèpù lẹ òrùka lẹ́ǹsì pa. Bátìrì mẹ́ta ni kó o mú dání. Ìgbàkigbà tó o bá pààrọ̀ ọ̀kan, tún yẹ Sirius wò, torí ìka lè ti yí òrùka yẹn láìmọ̀.