300 dpi Kì í Ṣe Ohun Tí Wọ́n Ń Fi Owó Rà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo fi pépà kan ránṣẹ́ sí jọ́nà ìmọ̀ ẹ̀rọ, lórí bí kọnkéré ṣe máa ń ní kíráàkì nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí wọ́n fi kọ̀ ọ́, wọ́n ní àwòrán mi kò tó 300 dpi. Inú fáìlì Word ni mo ti yọ fọ́tò kíráàkì náà, ó fẹ̀ ní píksẹ́lì 640. Àwọn gíráàfù, ojú kọ̀ǹpútà ni mo ti yà wọ́n. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan tó ń bá èèyàn to pépà. Ó gbowó, ó sọ wọ́n di 600 dpi, ó sì to ọ̀rọ̀ mi sí òpó méjì-méjì bíi ti inú jọ́nà gan-an. Wọ́n tún dá a padà! Ṣé kí n sọ ọ́ di 1200 ni? Ó ní tí mo bá fi owó díẹ̀ kún un, òun á fi AI tún fọ́tò náà ṣe. Fọ́ǹtì wo ló sì yẹ kí n lò?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ má sọ ọ́ di 1200, ẹ má sì fi nǹkan kan kún owó tí ẹni yẹn ti gbà.

Kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe nínú lẹ́tà yín. Ẹ ní wọ́n kọ̀ láti gba pépà yín. Nínú ohun tí ẹ kọ sí mi, n kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti kọ̀ ọ́. Wọ́n dá a padà ni. Kí pépà tó dé iwájú olótùú, òṣìṣẹ́ kan wà ní jọ́nà tó máa ń yẹ fáìlì wò: ṣé àwòrán pé, ṣé ó ṣeé tẹ̀, ṣé orúkọ àwọn òǹkọ̀wé bá èyí tó wà nínú fọ́ọ̀mù mu. Ẹni yẹn kò ka ọ̀rọ̀ kọnkéré yín, kò sì kàn án. Olótùú ló lè sọ pé òun kò gba pépà, tó bá sì kọ̀ ọ́, á sọ ọ́ fún yín kedere. Ẹ fọkàn balẹ̀, pépà yín ṣì wà láàyè.

Ọ̀rọ̀ dpi yìí gan-an ló ń bí mi nínú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí oṣù tí n kì í rí ẹni tí wọ́n ti gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀.

dpi ni iye àmì tó bọ́ sínú ínǹṣì kan nígbà tí wọ́n bá tẹ àwòrán sórí bébà. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà: nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ ẹ́ fẹ̀ tó, 300 dpi kò ní ìtumọ̀ kankan. Ohun tó wà lára àwòrán ni píksẹ́lì, àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí wọ́n tò mọ́ra wọn bíi táìlì. Iye píksẹ́lì tí ẹ ní, ẹ pín in sí iye ínǹṣì tí àwòrán máa fẹ̀ lórí bébà, èsì rẹ̀ ni dpi. Ìṣirò pínpín lásán ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Bí àpẹẹrẹ, nínú àwọn jọ́nà IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, òpó kan fẹ̀ ní ínǹṣì 3.5. Ẹ pín 640 yín sí 3.5, á fún yín ní nǹkan bíi 183. Ìyẹn ni dpi tí ẹ ní, ohun yòówù tí ẹni yẹn ìbáà kọ sí ìdí fáìlì. Kó tó lè di 300 nínú òpó kan, píksẹ́lì 1,050 lẹ nílò. Tí ẹ bá fẹ́ kó gba òpó méjèèjì, tó jẹ́ ínǹṣì 7.16, á lé ní 2,100.

Kí wá ni ọkùnrin yẹn ṣe? Ọ̀nà méjì péré ló wà, ọ̀kan nínú wọn ló sì gbà. Ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà tó wà ní ìdí fáìlì nìkan ló yí padà. Píksẹ́lì ṣì jẹ́ 640, àmọ́ a wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé 600 dpi ni, ìyẹn ni pé àwòrán náà kò ju ínǹṣì kan àti díẹ̀ lọ mọ́. Bí jọ́nà bá fà á padà kó lè kún òpó, 183 náà la tún bá. Ẹni tó ní aṣọ yáàdì mẹ́ta, tó wá kọ “yáàdì mẹ́wàá” sí etí rẹ̀, ẹ bá mi wo bó ṣe máa rán agbádá nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni pé ó ní kí kọ̀ǹpútà fi píksẹ́lì kún un. Kọ̀ǹpútà á wo píksẹ́lì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á fojú díwọ̀n ohun tó lè wà láàárín wọn, á sì kùn ún sí i. Nọ́ńbà á pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí kámẹ́rà kò rí lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà, kò sí bí kọ̀ǹpútà ṣe máa rí i lónìí. Etí kíráàkì á kàn ṣú bí ìgbà tí kùrukùru bò ó. Òṣìṣẹ́ jọ́nà tó bá fẹ àwòrán náà lójú kọ̀ǹpútà á rí i lójú ẹsẹ̀, ìdí tí wọ́n fi dá a padà lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, bí mo ṣe rò ó.

Ibi tí àwòrán ti wá lẹ máa padà sí. Gíráàfù kò gbọdọ̀ jẹ́ fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà rárá. Ẹ padà sínú ẹ̀rọ tó yà á, kí ẹ gbé e jáde ní PDF tàbí EPS, ní irú èyí tí wọ́n ń pè ní vector. Vector kò ní píksẹ́lì: àṣẹ ló wà nínú rẹ̀, “fa ìlà láti ibí dé ibẹ̀yẹn”, nítorí náà bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ tó ilé, kò ní ṣú, ọ̀rọ̀ dpi kò sì kàn án. Nínú Python, tí ẹ bá ń lo matplotlib, ẹ kàn fi .pdf parí orúkọ fáìlì nínú savefig. Nínú MATLAB, exportgraphics ni, kí ẹ sì sọ fún un pé vector lẹ fẹ́. Excel náà lè tọ́jú gíráàfù sí PDF. Ẹ fẹ fáìlì náà dé 400 nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹ wo lẹ́tà inú rẹ̀. Tí etí lẹ́tà bá ṣì mú, ẹ ti ṣe é. Tí ó bá rí bí àtẹ̀gùn, fọ́tò lẹ ṣì ní lọ́wọ́, PDF kàn jẹ́ ẹ̀wù tó wọ̀ ni. (Kí ẹni kẹ́ni má sì tan yín pé kí ẹ tọ́jú JPEG sí TIFF, irú fáìlì àwòrán mìíràn, kó lè “mọ́ sí i”. Ìdọ̀tí tí JPEG fi sí etí lẹ́tà á bá a wọ inú TIFF ni, fáìlì á kàn wúwo.)

Fọ́tò kíráàkì ní tiẹ̀ kò lè di vector. Ẹ wá fáìlì tó jáde láti inú kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Mo fura pé Word ló jẹ píksẹ́lì yín: bí ẹ kò bá sọ fún un pé kó má fún àwòrán pọ̀, ó lè dín in kù sí píksẹ́lì 220 nínú ínǹṣì kan nígbà tí ẹ bá ń tọ́jú fáìlì. WhatsApp náà máa ń dín píksẹ́lì fọ́tò kù bí ẹ kò bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì. Fọ́tò fóònù òde òní sábà máa ń fẹ̀ ní píksẹ́lì 3,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà èyí tó wà nínú fóònù yín lè tó, kó tiẹ̀ ṣẹ́kù.

300 gan-an kì í ṣe òfin fún gbogbo àwòrán. IEEE ń béèrè 300 fún fọ́tò àti 600 fún àwòrán onílà dúdú. Elsevier, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń tẹ jọ́nà, ní 300 fún fọ́tò, 500 fún èyí tí fọ́tò àti lẹ́tà jọ wà nínú rẹ̀, 1000 fún àwòrán onílà. Ti jọ́nà yín ni kí ẹ tẹ̀ lé o, kì í ṣe tèmi, torí n kò rí fáìlì yín, n kò sì mọ jọ́nà tí ẹ ń kọ̀wé sí.

Ohun kan tún wà tí dpi kò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ya gíráàfù tó fẹ̀ ní ínǹṣì 10, tí ẹ fi lẹ́tà 10 pt (pt ni ìwọ̀n bí lẹ́tà ṣe tóbi tó) kọ orúkọ sí etí rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá fún un wọ òpó oní-ínǹṣì 3.5, lẹ́tà yẹn á di 3.5 pt. Èèrà ló máa kà á. Bí òpó bá ṣe fẹ̀ ni kí ẹ ṣe ya gíráàfù náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí lẹ́tà inú rẹ̀ má kéré sí 8 pt.

Ọ̀rọ̀ AI. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. AI tó ń “tún fọ́tò ṣe” kì í wá ohun tó sọnù rí, ṣe ló ń hùmọ̀ ohun tó jọ ọ́. Tó bá jẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó, ó lè má jẹ́ ìṣòro. Kíráàkì ni pépà yín dá lé lórí! Bí AI bá mú kí kíráàkì gùn díẹ̀ sí i, tàbí kó pa ẹ̀ka kékeré kan rẹ́, èsì ìwádìí lẹ ti yí padà yẹn. Mo ti rí fọ́tò kan rí tí kíráàkì kan ṣoṣo di méjì lẹ́yìn irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, òǹkọ̀wé náà kò sì mọ̀. Bí wọ́n bá ká a mọ́ yín lọ́wọ́, orúkọ yín ló wà lórí pépà, orúkọ ẹni tó gbowó kò sí níbẹ̀. Ẹ lè mú gbogbo fọ́tò náà mọ́lẹ̀ sí i lọ́gbọọgba, kí ẹ sì sọ pé ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan apá kan rẹ̀ kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Òpó méjì-méjì tó tò yẹn, ẹ tú u ká, àfi tí jọ́nà yín bá fún yín ní tẹ́ḿpíléètì olópòó méjì, bí IEEE ṣe máa ń ṣe. Ọ̀pọ̀ jọ́nà fẹ́ òpó kan, kí ìlà jìnnà síra, kí nọ́ńbà wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó ń yẹ ẹ́ wò lè sọ pé “ẹ wo ìlà 214”. Àwọn tó ń tẹ jọ́nà ló máa tò ó lọ́ṣọ̀ọ́ bó bá yá. Ọ̀pọ̀ jọ́nà Elsevier kò tiẹ̀ bìkítà nípa bí ẹ ṣe tò ó nígbà àkọ́kọ́. Fọ́ǹtì ńkọ́? Times New Roman 12, bí wọn kò bá sọ òmíràn. Kò sí pépà tó wọlé nítorí fọ́ǹtì.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò yín sí ni ìwọ̀n. Ẹ yẹ gbogbo MPa (megapascal, ìwọ̀n tí a fi ń sọ bí kọnkéré ṣe lágbára tó) wò lọ́kọ̀ọ̀kan. mPa (millipascal) tí ẹ bá ṣèèṣì fi m kékeré kọ fi ìlọ́po bílíọ̀nù kan kéré sí MPa, kọnkéré tó ní 30 mPa kò lè gbé èèrà dúró. Ẹ fi àlàfo sáàárín nọ́ńbà àti ìwọ̀n, kí lẹ́tà ìwọ̀n dúró ṣánṣán, kí ti ìṣirò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má sì lẹ ìṣirò mọ́ ọ̀rọ̀ bíi fọ́tò, ẹ tún un kọ.

Bí ẹ bá parí, nọ́ńbà pépà kan náà ni kí ẹ fi dá a padà, kí ọjọ́ tí wọ́n fún yín má kọjá. Ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo, ẹ má sì gbé e lọ fún jọ́nà mìíràn nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́.

Ó ṣeé ṣe kí fọ́tò inú fóònù ti sọnù. Bí kọnkéré náà bá ṣì wà, tí kíráàkì rẹ̀ kò tíì yí padà, ẹ lọ tún un yà, kí ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ yà á. Bí kò bá sí mọ́, 640 yẹn ṣì wúlò: ẹ jẹ́ kó fẹ̀ ní ínǹṣì 2.1 péré lórí bébà, á sì jẹ́ 300 dpi tòótọ́, láìsan owó fún ẹnikẹ́ni. Bí kíráàkì bá ṣì hàn níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì jọ́nà pé bó ṣe máa tóbi mọ nìyẹn, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀.