Bàtà Kì í Fi Gígùn Kún Itan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. Peckham, ní London, ni a ń gbé. Nígbà tí àkọ́bí mi wà ní kékeré, gbogbo ilé wa la jọ máa ń gun Loggers Leap, ọkọ̀ orí omi tó dà bí ìtì igi, tó wà ní ọgbà ìgbádùn Thorpe Park, títí kan ìyá mi nígbà tí wọ́n bá wá kí wa. Wọ́n ti wó o, wọ́n fi Hyperia rọ́pò rẹ̀, ohun gíga fíofío tí ń da èèyàn lórí kodò. Kí ló dé tí wọ́n ń mú ohun tí kò léwu kúrò, tí wọ́n ń fi eléwu síbẹ̀? Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 8, ti fi ẹkún dá mi lágara pé òun fẹ́ gùn ún. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 127, wọ́n sì ní 130 ni wọ́n ń gbà. Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n ra tìmùtìmù inú bàtà tó nípọn, pé ọ̀rọ̀ gíga yẹn, ìbẹ̀rù ilé ẹjọ́ lásán ni. Ṣé ó tọ̀nà? Ìyá mi, ẹni ọdún 68 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, náà ń bọ̀ láti Ìbàdàn. — Bàbá Ọlọ́mọ Méjì

Ìdáhùn: Bàbá Ọlọ́mọ Méjì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kò tọ̀nà. Ẹ má rà á. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ dá a padà.

Láti ìgbà ìsinmi Àjíǹde ni irú ìbéèrè yìí ti ń wọlé sọ́dọ̀ mi, tìmùtìmù inú bàtà yìí ló sì máa ń wà nínú rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń polówó rẹ̀ lórí WhatsApp fún àwọn òbí. Inú ń bí mi sí i, torí náà òun ni mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ẹ jẹ́ kí n tètè dá ìyókù lóhùn ná.

Ní ti ìdí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ wọn: Loggers Leap ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1989, ó sì dákẹ́ ní 2015. Hyperia kò ṣí títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Ní ọgbà Alton Towers náà, Flume, ọkọ̀ orí omi tí wọ́n ṣí ní 1981, dákẹ́ ní 2015, Wicker Man, rólà-kósítà onígi (ọkọ̀ tí ń sáré gòkè sọ̀ kalẹ̀ lójú irin), sì jókòó sórí ilẹ̀ rẹ̀ ní 2018. Ẹ̀rọ olómi tó ti dàgbà máa ń náni lówó gan-an: ojú ọ̀nà omi á máa jò, pọ́ǹpù á máa mu iná, àwọn tó ń ṣe ohun èlò rẹ̀ lè má sí lórí ọjà mọ́. Ohun tuntun ló sì ń fa èrò. Ó dun èmi náà, torí pé àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ni ìyá àgbà, baba àti ọmọ lè jọ wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. Ní ọgbà Chessington, nígbà tí wọ́n ti ọkọ̀ olómi Bubbleworks ní 2016, ọkọ̀ olómi ti ìdílé, ti Gruffalo, abàmì ẹranko inú ìwé ìtàn ọmọdé, ni wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 2017.

Ṣùgbọ́n pé ti àtijọ́ kò léwu, tí tòde òní léwu, n kò gbà. Ẹ̀yin ará Peckham kò jìnnà sí Battersea. Rólà-kósítà onígi kan wà ní Battersea Park láyé ìgbà yẹn tí wọ́n ń pè ní Big Dipper, tọmọdé tàgbà ló ń gùn ún. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1972, ọkọ̀ já kúrò lára okùn irin tó ń fà á gòkè, ìdènà tó yẹ kó gbá a mú kò mú un, ló bá ń fi ẹ̀yìn sáré bọ̀ nísàlẹ̀. Ọmọ márùn-ún ló kú. Ẹ tún wo Drayton Manor, ní 2017. Ọmọdébìnrin ọdún 11 tó bá ilé-ìwé rẹ̀ lọ síbẹ̀ dìde lórí ìjókòó nínú ọkọ̀ Splash Canyon, ó ṣubú sínú omi, ó sì kú. Splash Canyon kò dorí ẹnikẹ́ni kodò rí, ọkọ̀ tí gbogbo ìdílé jọ ń wọ̀ ni. Ní 2022, mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ni ilé ẹjọ́ bù lé ilé-iṣẹ́ tó ni ọgbà náà nígbà tí ọmọ náà kú.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí n wá yẹ ẹ̀rọ wò, mi ò kọ́kọ́ ń béèrè bó ṣe ga tó. Ohun tí mo ń béèrè ni pé: kí ló ń di ara èèyàn mú, ta ló sì lè tú u?

Ó dọwọ́ bàtà wàyí.

Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn dánfó rí, tí awakọ̀ fi eré gun bọ́m̀pù, mọ bó ṣe ń rí. Ìdí á kúrò lórí ìjókòó, orí á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan páànù. Ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ara yín ṣì ń lọ sókè. Hyperia ga ní mítà 72, eré rẹ̀ sì sún mọ́ kìlómítà 130 ní wákàtí kan. Ńṣe ni wọ́n dìídì ṣe é kó máa gbé ìdí èèyàn kúrò lórí ìjókòó bẹ́ẹ̀ léraléra, torí ìgbádùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá lọ nìyẹn. Ohun tó ń mú èèyàn bá ọkọ̀ lọ ní àkókò náà ni irin tó sọ̀ kalẹ̀ sórí itan.

Irin yìí, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní lap bar, kì í di àyà mú, kò sì yẹ kó di ikùn mú. Ibi tí itan ti pàdé ikùn, lọ́dọ̀ eegun ìbàdí, ni àyè rẹ̀. Itan tó gùn tó, tó sì nípọn tó, ló ń jẹ́ kí irin bá ara pàdé níbẹ̀. Bí itan bá kúrú tàbí tó tín-ín-rín jù, irin á sọ̀ títí á fi dé òpin ibi tó lè sọ̀ dé, àlàfo á sì ṣẹ́ kù láàárín òun àti ọmọ. Inú àlàfo yẹn ni ọmọ lè gbà yọ.

Ṣé ẹ ti wá rí i pé orí ọmọ yín kọ́ ló kàn wá? Itan àti ìbàdí rẹ̀ ni. Kò sí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè máa wọn itan ẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, ni àwọn tó ṣe ẹ̀rọ bá wo bí ara àwọn ọmọdé ṣe ń dàgbà, wọ́n ṣírò pé ẹni tó bá ga tó báyìí, itan rẹ̀ á ti tó báyìí. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn gíga lẹ́nu ọ̀nà ń wo orí kó lè mọ itan. Ẹ wá ki tìmùtìmù sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sábẹ́ ẹsẹ̀. Orí lọ sókè. Itan ńkọ́? Bó ṣe wà náà ló wà. Nígbà tí ọmọ bá sì jókòó tán, abẹ́ ẹsẹ̀ ni tìmùtìmù wà, orí itan ni irin wà, wọn ò ríra. Ẹ ti tan ọ̀pá, ẹ kò tan irin.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀, bí nǹkan kò bá dáa kò ní gbéra." Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí pé àwọn tó kàwé ló sábà máa ń sọ ọ́. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ohun tí sẹ́ńsọ̀ ara irin ń sọ fún kọ̀ǹpútà kò ju pé irin ti sọ̀ kalẹ̀ tó, ó sì ti há. Kò sọ fún un pé ẹnì kan wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ìjókòó bá ṣófo tí a fa irin sílẹ̀, iná aláwọ̀ ewé á tàn. Bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò tíì tó bá jókòó síbẹ̀, iná kan náà ló máa tàn. Ọ̀pá ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n fi síbẹ̀ láti mọ̀ pé ọmọ náà kéré jù. Ìdènà ni ọ̀pá náà, bí bíréèkì ṣe jẹ́ ìdènà, ẹni tó bá tàn án ti yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ.

Mo mọ ohun tí yíyọ ìdènà máa ń fà. Ní Alton Towers, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2015, kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ Smiler dá ọkọ̀ dúró torí pé ọkọ̀ òfìfo kan ti há sójú irin níwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé kọ̀ǹpútà ló ṣì í, wọ́n fi ọwọ́ borí àṣẹ rẹ̀. Ọkọ̀ tí èèyàn kún inú rẹ̀ lọ kọlu òfìfo náà, àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì sì pàdánù ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn ni ìtanràn tí ilé-iṣẹ́ náà san. Ní Orlando, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ọmọkùnrin ọdún 14 kan tí ara rẹ̀ wúwo ju ohun tí ìjókòó lè gbà já bọ́ láti ara FreeFall, ẹ̀rọ tí ń gbé èèyàn gòkè tí á sì jù ú sílẹ̀. Àwọn tó ṣèwádìí rí i pé wọ́n ti fi ọwọ́ yí sẹ́ńsọ̀ ìjókòó rẹ̀, kí irin lè há láìsọ̀ tó bó ṣe yẹ. Wọ́n tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ ní ọdún kejì. Ìdènà wà níbi méjèèjì o. Èèyàn ló pa á lẹ́nu mọ́. Iṣẹ́ tí arákùnrin ṣọ́ọ̀ṣì yín ń rán yín nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó ni ọgbà ń bẹ̀rù ilé ẹjọ́, ó sì yẹ kí wọ́n bẹ̀rù. Àmọ́ kì í ṣe lọ́yà ló jókòó tó pinnu 130. Ìwọ̀n irin àti ìwọ̀n ara èèyàn ni irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ti ń wá, lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, lábẹ́ ìlànà ààbò ti Yúróòpù fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní EN 13814.

Ẹ má sì sọ pé ẹ ó di ọmọ yín mú. Ká ní ọmọ náà wọn kílò 25. Bí ọkọ̀ bá dé ìsàlẹ̀ òkè, tí ìwúwo ara di ìlọ́po mẹ́rin, kílò 100 ló di, àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Ọwọ́ tí ẹ fẹ́ fi dì í mú náà ti wúwo ní ìlọ́po mẹ́rin. Lórí àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí irin kan ṣoṣo ń bo èèyàn méjì, jíjókòó ti bàbá tún lè burú sí i: ara bàbá ni irin á kọ́kọ́ kàn, ibẹ̀ ni á dúró sí, ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì ní rí nǹkan kan tó dì í mú.

Ní ọgbà kan tí n kò ní dárúkọ, mo ń ṣiṣẹ́ nítòsí ọ̀pá ìwọ̀n nígbà tí mo gbọ́ ariwo. Ọmọbìnrin tó ń wọn àwọn ọmọ ti ní kí ọmọkùnrin kan bọ́ bàtà, ìwé ìròyìn tí wọ́n ká rìbìtì sì já bọ́ nínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń pariwo pé torí àwọ̀ ara wọn ni. Bí mo ṣe gbọ́ "Olúwa ò ní fi yín sílẹ̀" lẹ́nu rẹ̀ ni mo sún mọ́ ọn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀." Mo mú un lọ síbi ìjókòó tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìdánwò, mo ní kí ọmọ jókòó, mo fa irin sọ̀ kalẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ bàbá fúnra rẹ̀ ló kì bọ àlàfo tó wà láàárín irin àti itan ọmọ rẹ̀. Kò pariwo mọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń fojú àwọ̀ wò wá lórílẹ̀-èdè yìí, n kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àlàfo yẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú àwọ̀. Ẹ̀yin ìyá tó ń di irun ọmọ ní ṣùkú gogoro nítorí ọ̀pá náà, wọ́n máa ń tẹ irun mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó ka ìwọ̀n.

Ní ti Màmá: ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tí ìkìlọ̀ ẹnu ọ̀nà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń dárúkọ, pẹ̀lú àìsàn ọkàn, ẹ̀yìn dídùn àti oyún. N kì í ṣe dókítà, mi ò sì yẹ ara wọn wò. Kí wọ́n bi dókítà wọn kí wọ́n tó gun ohunkóhun tó ń sáré, kí wọ́n má sì gun Hyperia. Bí ẹ bá fẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ ó jọ gbádùn, tí Màmá kò ní jókòó ti báàgì láti àárọ̀ dalẹ́, Chessington ni mo máa mú yín lọ. Ó tilẹ̀ sún mọ́ Peckham ju Thorpe Park lọ. Yàtọ̀ sí ọkọ̀ Gruffalo, Vampire, rólà-kósítà tó wà níbẹ̀ láti 1990, lè tó ọmọ yín. Gbogbo ìwọ̀n tí mo dárúkọ lè yí padà o, ojú ìwé ọgbà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó, ohun tí òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà bá sì sọ lọ́jọ́ náà ni abẹ gé.

Ọmọ ọdún 8 sábà máa ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà ga sí i lọ́dún. Èyí tó kù fún un kò ju bí oṣù mẹ́fà sí méje lọ. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà 130 sára ògiri yàrá rẹ̀, kó máa wò ó. Ẹ wọ̀n ọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, láìwọ bàtà, kó fẹ̀yìn lé ògiri dáadáa. Bí kò bá tíì pé, ẹ sọ fún un nílé, kó má baà jẹ́ pé lẹ́yìn tó bá ti to ìlà fún wákàtí kan ni á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu àjèjì.