Bátìrì tuntun ń kú lára katakata àtijọ́: ṣé dáínámò ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Mo ní Massey Ferguson 35 àtijọ́ kan tó ṣì ń lo dáínámò (ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì). Mo ra bátìrì tuntun sí i, àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kò lè sítáàtì mọ́. Iná pupa chájì tó wà níwájú mi kì í kú, bí mo tilẹ̀ tẹ iná mọ́ ọn. Wọ́n ní kí n ra dáínámò mìíràn. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á. Lóòótọ́, chájì kò dé bátìrì yín, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì, dáínámò àti régúlétọ̀ (àpótí tó ń darí iná tó ń lọ sí bátìrì) ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ yẹn, a kì í sì í gbẹ́jọ́ ẹnì kan dá. (Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra yí nìkan ni iná náà ń tàn, kò sí àìsàn níbẹ̀; bí dáínámò ṣe rí nìyẹn.)

Ẹ kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ àárín bẹ́líìtì. Kò yẹ kó rọ̀ ju bí ìdajì íǹṣì lọ. Ẹ fọ orí bátìrì, kí ẹ sì ha ìpẹtà kúrò níbi tí wáyà ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó so bátìrì mọ́ ara katakata, ti wọ ara irin.

Ó wá kan dáínámò fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ Lucas, ẹ ó rí ojú wáyà méjì lẹ́yìn rẹ̀: ńlá ni D, kékeré ni F. Ẹ tú wáyà méjèèjì, kí ẹ fi wáyà kúkúrú kan so D pọ̀ mọ́ F, kí ẹ sì fi mítà tó ń wọn fólítì sáàárín wọn àti ara dáínámò. Ẹ sítáàtì, kí ẹ rọra máa tẹ iná sí i. Mítà gbọ́dọ̀ máa gòkè láìfò. Tó bá ti súnmọ́ 20 fólítì, ẹ dáwọ́ dúró: dáínámò yín yè, kí ẹ lọ wo régúlétọ̀. Tí kò bá ju 1 fólítì lọ, wáyà fíìdì (èyí tí a wé sínú ara dáínámò tí kì í yí) ló sábà máa ń bàjẹ́. Tó bá dúró sí 4 tàbí 5, àmẹ́ṣọ̀ (apá tó ń yí nínú dáínámò) ni. Tí mítà kò bá mira rárá, ẹ yọ kábọ́ọ̀nù tó ń kan bàbà orí àmẹ́ṣọ̀ wò. Èyí tó ti kúrú tàbí tó há sínú ilé rẹ̀ kò lè kan bàbà dáadáa. Ẹ fi sáńpépà múlọ́múlọ́ nu bàbà náà títí yóò fi dán.

Ohun kan ṣì ń kọ mí lóminú nípa bátìrì tuntun yẹn: báwo ni wọ́n ṣe so ó? Lára ọ̀pọ̀ katakata ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà, pọ́sítífù ló ń wọ ẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá so ó bíi ti mọ́tò òde òní á mú kí dáínámò àti bátìrì máa ta ko ara wọn, ojú kọ́tọ́ọ̀tì (súwíìṣì tí kì í jẹ́ kí iná bátìrì padà sínú dáínámò) inú régúlétọ̀ á sì jóná, nígbà mìíràn á lẹ̀ pọ̀. Tó bá lẹ̀, bátìrì á máa ṣàn padà sínú dáínámò lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé ọwọ́ lé dáínámò lẹ́yìn bíi wákàtí kan tí ẹ ti pa á. Tó bá ṣì ń gbóná, ẹ yọ wáyà ẹ́ẹ̀tì bátìrì lójú ẹsẹ̀, kí wáyà tó gbiná.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti bọ́ sípò, tí ẹ sì tẹ iná díẹ̀, mítà lórí bátìrì yẹ kó máa gun 14 fólítì bọ̀.