Ẹ Bi Wá, Ká Sọ Ọ́: Àmì Róbótó Tí Húùpù Ń Fi Sára Aṣọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Iléṣà ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Atákúnmọ́sà. Mò ń ṣe cross stitch (iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi òwú rán bí àmì X) orúkọ ẹ̀gbọ́n mi àti àfẹ́sọ́nà ẹ̀, orí Aida funfun oní-14, ìyẹn aṣọ oníhò tó ní ojú mẹ́rìnlá nínú ínṣì kan, mo fẹ́ fún wọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìdánwò dé, mo bá gbé e sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú húùpù onígi, òrùka méjì tí wọ́n fi ń na aṣọ, lára ẹ̀, ìgbà tí mo máa tú u, àmì róbótó ti yí i ká, àwọ̀ ẹ̀ bí omi tíì. Ṣé kí n fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ ni? Báwo ni mo ṣe lè fa aṣọ dáadáa tí kò ní lámì?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má tíì gbé áyọ́ọ̀nù súnmọ́ ọn o! Nǹkan méjì ló para pọ̀ di àmì yẹn. Igi ti tẹ òwú aṣọ náà pẹrẹsẹ, ìyẹn ọ̀kan, omi lásán á tú u. Ṣùgbọ́n èyí tó láwọ̀ bí omi tíì yẹn, ìdọ̀tí ni, òógùn àti òróró ọwọ́ wa pẹ̀lú eruku tó sá sétí húùpù, ìwọ náà sì mọ bí eruku ọyẹ́ ṣe ń ṣe wá níhìn-ín. Tí iná bá fi lè kan ìyẹn kó o tó fọ̀ ọ́, ó ti wọlé nìyẹn. Mo ti fi iṣẹ́ ìkómọ kan jìyà ẹ̀ rí, oṣù mẹ́rin ni mo fi rán an, títí dòní ó ń dùn mí.

Kọ́kọ́ fi aṣọ funfun tó tutù tẹ òwú aláwọ̀ ibẹ̀, pàápàá pupa, wò bóyá ó ń ṣí. Tí kò bá ṣí, po ọṣẹ díẹ̀ tí kò ní bulíìṣì sómi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, rẹ ẹ́ síbẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, fọwọ́ pa ojú àmì náà jẹ́jẹ́, ṣan án dáadáa. Má fún un o, ká a mọ́ tówẹ́ẹ̀lì kó fa omi ẹ̀. Kó tó gbẹ tán, da ojú ẹ̀ dé orí tówẹ́ẹ̀lì mìíràn, kó o wá lọ̀ ọ́ látẹ̀yìn, kí àwọn àmì X tó o rán yẹn má baà pẹlẹbẹ.

Látòní lọ, tó o bá ti fẹ́ dìde, tú húùpù. Kódà bó ṣe oúnjẹ lo fẹ́ lọ jẹ, tú u. Gba pẹ̀ẹ́sì kọ́tìnì funfun lọ́wọ́ télọ̀, gé e tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìdajì ínṣì, wé e mọ́ òrùka inú yíká, á di aṣọ mú láìfún un pa. Tó o bá sì rí húùpù tó fẹ̀ ju iṣẹ́ náà lọ, etí tí férémù máa bò ni àmì á bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ó gbọ́dọ̀ le bí awọ gángan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, Aida ti gan fúnra ẹ̀, kó ṣáà ti tẹ́jú.

Èmi gan-an, igi mẹ́rin onígun mẹ́rin tí káfíńtà kan bá mi kàn ní Lágere, n'Ífẹ̀, ni mò ń lò báyìí. Etí aṣọ nìkan ni mò ń fi píìnì kàn mọ́ ọn, ínṣì mẹ́ta ni mo sì máa ń fi sílẹ̀ yíká, nítorí náà igi ò kan iṣẹ́ rárá. Píìnì tí kì í dógùn-ún ni kó o rà o, àmì ìdógùn-ún burú ju ti húùpù lọ. Tí mo bá ṣíwọ́, mo máa ń fi ìborùn bò ó.

ÌBÉÈRÈ: Ọkùnrin ni mí, ọmọ OAU, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ṣé dandan ni húùpù?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe dandan, àbúrò. Aida oní-14 ṣeé dì mọ́wọ́ rán, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣáà fọ ọwọ́ ẹ kí o tó jókòó, má sì fa òwú débi tí ihò aṣọ á fi là. Aṣọ tó rọ̀ bíi línẹ́ẹ̀nì ló máa ń fẹ́ húùpù.