Ìkòkò Mẹ́ta Lálẹ́ Ti Pọ̀ Jù, Ọmọ Mi

Ẹ̀yin Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjọ̀kà ní Àkúrẹ́ níbí ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń rán. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìrẹsì àti Indomie nìkan ló ń jẹ. Èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Bó bá ti rí ewé nínú ọbẹ̀ báyìí, á ti abọ́ sẹ́yìn. Àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́ta, búrẹ́dì àti tíì ló mọ̀, àfi bó bá rí yẹ̀pẹ̀ bù jẹ lẹ́yìnkùlé. Bàbá wọn ní iyán lòun ń jẹ lálẹ́, òun kì í jẹ ẹ̀wà sùn. Bí wọ́n bá ti ilé ìwé dé sí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń ra bisikíìtì àti puff-puff fún wọn kí n lè ráyè ránṣọ, kí wọ́n tó lọ bá ìyá ọkọ mi nílé. Bí mo bá délé ní aago mẹ́fà, ìkòkò mẹ́ta ni mò ń gbé kaná. Owó gáàsì ò tó, owó oúnjẹ ò tó, síbẹ̀ a ń da oúnjẹ nù. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa nà wọ́n, pé àkẹ́jù ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sílẹ̀ nínú kíṣìnnì, mo sunkún. Ẹ̀yin Màmá, kí ni mo lè máa sè tí kò ní wọ́n, tí gbogbo wọn á sì jẹ?
Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Àkúrẹ́

Ọmọ mi, mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé ẹkún ọ̀lẹ lo sun. Ẹni tó ti fẹsẹ̀ tẹ máṣìnnì láti àárọ̀, tó tún wá dúró ti ìkòkò mẹ́ta lálẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, kò sí ilé tí ọ̀wọ́n oúnjẹ ò kàn, kì í ṣe ilé tìrẹ nìkan.

Ìdáhùn mi kò gùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàyé rẹ̀ gùn díẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìkòkò kan ni kó o máa gbé kaná. Ìkòkò kan fún ọkọ, fún ọmọ, fún ìyá ọkọ, fún ìwọ náà. Kò túmọ̀ sí pé kó o febi pa ẹnikẹ́ni. Ohun tó o bá sè ni oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n rí i dájú pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí oníkálukú lè jẹ láìjà. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà lo sè, dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ sí i. Ọmọ tí kò bá fẹ́ ẹ̀wà á jẹ dòdò, ẹ̀wà á sì wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa dìde lọ bá a se Indomie.

Obìnrin onímọ̀ oúnjẹ kan wà ní Amẹ́ríkà, Ellyn Satter lorúkọ rẹ̀, tó pín iṣẹ́ ìdí oúnjẹ láàárín òbí àti ọmọ lọ́nà tó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Ó ní òbí ló máa pinnu ohun tí wọ́n máa jẹ, ìgbà tí wọ́n máa jẹ ẹ́ àti ibi tí wọ́n ti máa jẹ ẹ́. Ọmọ ló máa pinnu bóyá òun á jẹ, àti bí òun á ṣe jẹ ẹ́ tó. Mo mọ̀ pé èyí máa le létí wa. Inú rírọ ọmọ la dàgbà sí. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n á da ẹ̀kọ sí i títí á fi gbé e mì tẹkúntẹkún. Àwọn tó ṣe é fún wa fẹ́ràn wa, mi ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tí a rọ báyẹn lè gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, ọmọ tí a sì ń fi ipá bọ́ kì í tètè mọ ìgbà tí ebi ń pa òun àti ìgbà tí òun ti yó. Pàṣán ìyá ọkọ rẹ, ọ̀nà kan náà ló ń bá lọ. Má ṣe nà wọ́n nítorí oúnjẹ. Ọmọ tí a nà nídìí ẹ̀fọ́ lónìí, bó bá tún rí ẹ̀fọ́ lọ́la, pàṣán ló máa rí.

Má sì sọ fún wọn pé, “Jẹ ẹ̀fọ́ yẹn tán kí n tó fún ọ lẹ́ran.” Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́. Ohun tí ọmọ ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ìyà ni ẹ̀fọ́, ẹran ni èrè ẹni tó bá jẹ ìyà náà tán.

Ohun kan tún wà tó yẹ kó fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá pé ọdún kan, ó ti máa ń wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta bó ṣe wúwo lọ́jọ́ tí a bí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdàgbà rẹ̀ á rọ̀. Ọmọ tó wà láàárín ọdún méjì sí márùn-ún kì í wúwo sí i ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 2 lọ lọ́dọọdún. Oúnjẹ tó nílò kò pọ̀ tó bí ojú ìyá ṣe ń rí i. Ṣíbí méjì ni kó o kọ́kọ́ bù fún àbíkẹ́yìn. Bó bá jẹ ẹ́ tán, kó béèrè sí i. Èyí nìkan á dín ohun tí ẹ ń dà nù kù.

Ní ti oúnjẹ tí wọn ò jẹ rí, ó lè tó ìgbà 10 sí 15 tí ọmọ máa rí i níwájú rẹ̀ kó tó gbà láti jẹ ẹ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń ṣíwọ́ ní ìgbà kẹta, tí wọ́n á ní, “Ọmọ mi kì í jẹ ṣọkọ.” Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Máa gbé díẹ̀ síbẹ̀, má sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Ó wá kan bàbá wọn. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, kò sì dín ọ̀wọ̀ rẹ̀ kù: nínú lẹ́tà rẹ, ẹni àkọ́kọ́ tó ń ṣa oúnjẹ jẹ nínú ilé yẹn, bàbá ni. Ọmọ tó ń gbọ́ lálaalẹ́ pé “èmi ò jẹ ẹ̀wà” láti ẹnu bàbá rẹ̀ ti kọ́ ohun tó máa sọ. Má bá a sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, má sọ ọ́ lójú ọmọ, má sì sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀. Mú ìwé kékeré kan, kọ iye tó o ná sórí ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gáàsì àti gbogbo ẹ̀. Bí ẹ bá wà nínú yàrá lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn, fi hàn án. Sọ pé, “Olówó orí mi, ẹ bá mi wò ó.” Lẹ́yìn náà, bẹ̀ ẹ́ ní ohun méjì péré: kó máa jókòó jẹun pẹ̀lú wọn ní ọjọ́ tó bá tètè dé, kó sì gbà kí iyán jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọkùnrin tí kò bá gbọ́ “owó ò tó”, ó lè gbọ́ ti ìṣirò.

Ẹ̀rù ẹ̀wà tó ń bà á náà nídìí. Ẹ̀wà máa ń fẹ́ inú àwọn kan. Bó bá ti wà nínú omi fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ẹ da omi náà nù, tí ẹ fi omi tuntun sè é, kì í fẹ́ inú tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì tètè ń jinná, gáàsì á dín. Ibí yìí ni ìyá ọkọ rẹ ti wúlò ju pàṣán lọ. Kúnlẹ̀, kó o bẹ̀ wọ́n: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àkọ́bí ṣa ẹ̀wà sílẹ̀ lálẹ́, kí ẹ bá wa rẹ ẹ́ sómi ní aago kan lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ẹ bá wa gbé e kaná ní aago márùn-ún.” Àgbàlagbà tó bá lọ́wọ́ nínú oúnjẹ kì í jókòó bú u. Bí àgbàdo bá jáde láàárín oṣù Kẹfà sí Kẹjọ, ẹ sọ ọ́ di àdàlú. Adùn àgbàdo yẹn ti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ ẹ̀wà láìmọ̀.

Àsáró ni mo fẹ́ràn jù fún irú ilé rẹ. Iṣu tó ti ṣẹ́, tàbí tó kéré jù fún iyán, kì í wọ́n tó iṣu ńlá. Bó o bá lọ Ọjà Ọba lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ná an dáadáa. Lọ tàtàṣé, tòmátì àti àlùbọ́sà. Ata rodo, má lọ̀ ọ́ mọ́ ọn. Sọ odindi méjì sínú ìkòkò pẹ̀lú ìdí wọn, má jẹ́ kó bẹ́. Òórùn rẹ̀ á wọ inú ọbẹ̀, kò ní ta ọmọ lẹ́nu. Yọ wọ́n kúrò bó bá jinná, kí bàbá àti Màmá fọ́ ọ sínú àwo tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń pè ní aṣàyàn oúnjẹ, ata ló lé e kúrò nídìí abọ́, kò kàn mọ bó ṣe máa sọ ọ́ ni. Gún edé sí i, yọ egungun ẹja ṣawá dáadáa kó o tó rún un sí i, fi epo pupa díẹ̀ sí i, nítorí ohun tó pọ́n epo yẹn ni ara ń sọ di fítámì A tó ń ran ojú lọ́wọ́. Bó bá kù díẹ̀ kó o sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bu ti ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn sọ́tọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o da ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ sínú ìyókù. Fi ewé díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwo rẹ̀, níbi tí kò ti kan oúnjẹ. Àwọn kan á ní kó o lọ ewé náà kúnná kó o fi tàn án. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ọmọ bá já ọgbọ́n yẹn lẹ́ẹ̀kan, á máa fura sí gbogbo ìkòkò rẹ. Òun gan-an ni kó o gbé ewé fún pé kó bá ọ já. Ọmọ tó já ẹ̀fọ́ fúnra rẹ̀ máa ń fẹ́ tọ́ ọ wò.

Lọ́jọ́ iyán, ìkòkò kan náà ni. Kí wọ́n tó da iṣu sódó, yọ ègé díẹ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ iyán, kó fi ọbẹ̀ jẹ ẹ́. Bí iṣu bá wọ́n, kí ti tuntun tó jáde, ra púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ àwọn ará Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, dípò rẹ̀. Ọbẹ̀ ilá ò náni lówó, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn ohun tó ń yọ̀. Àkọ́bí rẹ náà ò ní pàdánù ìrẹsì rẹ̀: sè é lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ pẹ̀lú epo pupa, irú àti ẹja, fún gbogbo ilé. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, Sátidé ni kó o fi í sí nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Bó o bá lè ra ẹyin, ra á. Bí Màmá bá ní ẹyin ń sọ ọmọ di olè, fi ohùn jẹ́jẹ́ dá wọn lóhùn pé àwọn nọ́ọ̀sì ló ní kẹ́ ẹ máa fún wọn, nítorí òótọ́ ni pé wọ́n ń sọ ọ́. Inú rẹ̀ ni ara ti ń rí ohun tó fi ń kọ́ ẹran ara ọmọ, kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú olè jíjà.

Bisikíìtì àti puff-puff ṣọ́ọ̀bù yẹn ńkọ́? Ọmọ tó jẹ puff-puff ní aago mẹ́rin, kí ló máa fi jẹ àsáró ní aago méje? Mo mọ ìdí tó o fi ń rà á, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà dípò, tàbí àgbàdo sísè, ní kété tí wọ́n bá dé. Lẹ́yìn rẹ̀, omi nìkan títí di alẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ, èyí ló máa kọ́kọ́ so èso.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á le. Àkọ́bí á sunkún Indomie, ó ṣeé ṣe kó jẹ díẹ̀ kó sì lọ sùn. Ọmọ tára rẹ̀ le tó jẹ díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan á jẹun láàárọ̀. Má pariwo, má bẹ̀ ẹ́.

Mo fi èyí sẹ́yìn kó o má bàa gbàgbé rẹ̀: yẹ̀pẹ̀ tí àbíkẹ́yìn ń jẹ. O kàn dárúkọ rẹ̀ gẹ́rẹ́ nínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n òun ló ká mi lára jù. Ọmọ tó ń jẹ yẹ̀pẹ̀ lemọ́lemọ́, tó tún jẹ́ pé búrẹ́dì àti tíì ni oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máà tó lára rẹ̀, aràn sì lè wà nínú rẹ̀. Tíì tí a ń mu mọ́ oúnjẹ máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba àyọ́ọ̀nù tó wà nínú oúnjẹ, ohun tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Dá tíì yẹn dúró lónìí. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì fún un ní oògùn aràn tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Má ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un fúnra rẹ. Bó bá ń rù, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tàbí tó ń bì lemọ́lemọ́, tàbí tí oúnjẹ máa ń há a lọ́fun, má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀la ni kó o lọ. Kọ̀wé sí mi pa dà, kí n mọ ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ níbẹ̀.