Kò sí iye ṣíbí iyọ̀ tó yẹ ìdí ata: ìdáhùn lórí ìgbín àti ọ̀gbìn inú garawa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ìsánlú ni mo ń gbé. Mi ò nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, inú garawa ọ̀dà ni mo gbin ata rodo, tẹ̀tẹ̀ àti efinrin sí, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Látìgbà tójò ti múlẹ̀ ni ìgbín ti ń jẹ wọ́n lóru, àti irú èyí tí kò ní ìkarahun. Wọ́n ní kí n máa bu iyọ̀ yí ìdí wọn ká lálaalẹ́. Mo ti ń ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbín dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí ewé ti ń jó, ó jọ pé wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ lọ máa jẹ gbòǹgbò. Ṣíbí iyọ̀ mélòó ló yẹ kí n máa lò?

Ìdáhùn: Okun o, Màmá. Ẹ kú làálàá ọ̀gbìn.

Kò sí iye ṣíbí kankan. Ẹ dáwọ́ iyọ̀ dúró lálẹ́ òní. Ìgbín kọ́ ló ń jó etí ewé yín, ohun tí ẹ sì ṣàpèjúwe kò fi hàn pé wọ́n ń jẹ gbòǹgbò. Iyọ̀ tí ẹ ń bù sí i ló ń pa ata yín.

Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ báyìí. Inú ń bí mi, àmọ́ kì í ṣe sí yín. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kiri lórí fóònù pé iyọ̀ loògùn ìgbín ni mò ń bínú sí. Láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí lọ́dún yìí, nígbà tí ata bá sì ti kú tán ni ọ̀pọ̀ ń rántí bi í.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Ilé ìdáná ni. Ẹni tó bá ti fọ ìgbín rí mọ̀ pé bí iyọ̀ bá kàn án, á máa hó, itọ́ rẹ̀ á máa dà. Omi ló pọ̀ jù nínú ara ìgbín, awọ rẹ̀ kò sì le tó láti di omi náà mú. Iyọ̀ á fà á jáde. Ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ẹja tí wọ́n fẹ́ gbẹ náà nìyẹn. Àmọ́ iyọ̀ kò mọ ìgbín yàtọ̀ sí gbòǹgbò.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé eléyìí. Gbòǹgbò ń rí omi mu nítorí pé ohun tó yòrò sínú omi ara rẹ̀ pọ̀ ju ohun tó yòrò sínú omi ilẹ̀ lọ. Ibi tí nǹkan bá ti yòrò jù ni omi máa ń gbà lọ. Bí ẹ bá wá sọ iyọ̀ di púpọ̀ nínú ilẹ̀, gbòǹgbò ò ní lè fa omi mọ́. Ẹ ó fọwọ́ kan ilẹ̀, á tutù, síbẹ̀ òùngbẹ ni yóò máa gbẹ ata. Ìwọ̀nba iyọ̀ tó bá sì bá omi gòkè, etí ewé ló máa ń kó jọ sí, ibẹ̀ ló sì ti máa ń kọ́kọ́ jó. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ oko gidi ni, òjò lè fọ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ibo ló máa gbà jáde nínú garawa? Òmíràn kò tilẹ̀ ní ihò nídìí. Bí ẹ ṣe ń bù ú sí i lálaalẹ́, orí ti àná lẹ ń bù ú lé. Ilẹ̀ tó bá lámọ̀ nínú tún máa ń dì gbagidi tí iyọ̀ bá pọ̀ lára rẹ̀, omi á dúró lókè, kò ní wọlé.

Ìgbín tí ẹ sì ní ó dín kù yẹn, èyí tó bá ní ìkarahun lè kó wọnú rẹ̀ títí ìrì á fi yọ́ iyọ̀ dànù, kó tún jáde.

Kí ẹ tó ṣe nǹkan míì, ẹ fọ ilẹ̀ yẹn. Ẹ ha iyọ̀ tó bá ṣì hàn lójú ilẹ̀ kúrò. Ẹ lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sídìí garawa, ẹ gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù, kí ẹ wá máa da omi òjò sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa ṣàn jáde nísàlẹ̀. Omi tó tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí garawa náà ń gbà ni kí ẹ ná sí i, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ẹ má fi ajílẹ̀ òyìnbó sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, nítorí iyọ̀ ni ajílẹ̀ náà ń dà nínú ilẹ̀. Mi ò rí garawa yín, mi ò lè ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ ló máa yè.

Ní ti ìgbín fúnra rẹ̀, ẹ gbé garawa kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ibi tí garawa ti kan ògiri àti abẹ́ rẹ̀ tó tutù ni ilé tí wọ́n ń sùn lọ́sàn-án. Àárọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín, kí ojú ilẹ̀ lè ti gbẹ kílẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá di bíi wákàtí méjì lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi ọ̀rá bọwọ́, kí ẹ máa ṣà wọ́n. Ẹ tún lè fi èèpo ìbẹ́pẹ sábẹ́ àpò tó rin, kí ẹ ká àpò náà ní kùtùkùtù: ẹ ó bá wọn níbẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni, kì í ṣe iṣẹ́ alẹ́ kan. Ẹ fi ìka wa ojú ilẹ̀ wò pẹ̀lú, ẹyin wọn máa ń wà níbẹ̀.

Èèpo ẹyin tí àwọn kan máa ń ní kéèyàn fọ́ yí ìdí ọ̀gbìn ká ńkọ́? Àwọn tó ń sin ìgbín ń fún un jẹ ni, kí ìkarahun rẹ̀ lè le. Eérú máa ń dí wọn lọ́wọ́ tó bá gbẹ, òjò kan péré ló sì máa sọ ọ́ di asán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọ̀tapiapia dé ìdí ẹ̀fọ́. Oògùn kòkòrò ni, ìgbín kì í ṣe kòkòrò, ẹ̀yin lẹ ó sì jẹ tẹ̀tẹ̀ náà. Bí ẹ bá fẹ́ ra oògùn ìgbín, ẹ wo ara páálí. Èyí tó bá ní metaldehyde nínú lè pa ajá àti adìyẹ. Èyí tí wọ́n fi ferric phosphate ṣe rọ̀ ju ìyẹn lọ, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi. Ibi tí ẹ bá ti fi oògùn sí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣa ìgbín ibẹ̀ sè, kò sì gbọdọ̀ tà á. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọdé. Àràn kan tún wà tó ń bá ìgbín gbé tó lè wọ inú ọpọlọ èèyàn, nítorí náà ẹ máa fọ ọwọ́ yín àti ẹ̀fọ́ yín dáadáa, kí ẹ sì se ìgbín jinná.

Bí ẹ bá rí ewé tó luhò àmọ́ tí ẹ kò rí ojú ọ̀nà itọ́ tó ń dán lára rẹ̀ láàárọ̀, ó lè jẹ́ pé tata tàbí kòkòrò mìíràn ló ń jẹ ẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.

Ata tó bá ti kú, ẹ fà á tu. Ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ohun ọ̀gbìn míì. Ojú ọ̀nà tí ẹ kò fẹ́ kí koríko hù sí ni kí ẹ dà á sí.