Wá récépissé rẹ kí o tó máa ka oṣù

Àbúrò mi, o ní ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Faransé ti pe ìwọ àti ọkọ rẹ sí Kútọnu, wọ́n sì fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò lórí ìwé ọmọ-ìlú Faransé tí o ń bèèrè, nítorí pé ọmọ-ìlú Faransé ni ọkọ tí o fẹ́. O ní ó ti lé ní ọdún kan báyìí, ẹ kò gbọ́ ohunkóhun. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ ní Sábẹ̀ẹ́ ní kí o dákẹ́, pé bí o bá kọ̀wé sí àwọn òyìnbó, inú á bí wọn, wọ́n á sì ti dósíè rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnì kan ní ọjà Wàńdò sì ń sọ fún ọ pé òun mọ ènìyàn nínú ọ́fíìsì, kí o ṣáà ti wá owó.

Má ṣe dákẹ́, má sì fún ẹni yẹn lówó. Kútọnu kọ́ ni wọ́n ti ń parí ọ̀rọ̀ yìí. Rezé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nantes, ni ọ́fíìsì tó ń pinnu rẹ̀ wà, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba Faransé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Kò sí ẹni ní Wàńdò tí ọwọ́ rẹ̀ gùn dé ibẹ̀.

Mo ti wà níbi tí o wà yìí. Kétu ni wọ́n bí mi sí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti dàgbà, ilẹ̀ Faransé sì ni èmi àti ọkọ mi ń gbé nígbà tí mo fi dósíè tèmi sílẹ̀, kí a tó padà wálé. Ọ́fíìsì tó gba tèmi yàtọ̀ sí èyí tó gba tìrẹ, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló de àwa méjèèjì.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kí o tó ka ìyókù ni pé kí o tú àpò ìwé rẹ, kí o wá récépissé. Ìwé pélébé kan ni, tó sọ pé ní ọjọ́ báyìí, wọ́n gba ìkéde rẹ, ìyẹn ìwé tí o fọwọ́ sí pé o fẹ́ di ọmọ-ìlú Faransé nípa ìgbéyàwó, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó yẹ kó bá a rìn. Abala 26-3 nínú Code civil, ìwé òfin ilẹ̀ Faransé, fún ìjọba ní ọdún 1 láti sọ pé àwọn kò gba ìkéde ẹni tó fẹ́ ọmọ-ìlú wọn. Ọjọ́ tó wà lára récépissé yẹn ni ọdún náà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí o fi ìwé ránṣẹ́ kò kàn án. Ọjọ́ tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò náà kò kàn án, àfi bí wọ́n bá fún ọ ní récépissé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ka oṣù láti ọjọ́ tí a jókòó níwájú òṣìṣẹ́, tí a ń sunkún pé wọ́n ti gbàgbé wa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lójú òfin, ọdún náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Bí o kò bá rí récépissé, kì í ṣe èsì ni ò ń dúró dè. Ó ṣeé ṣe kí ìwé kan kù, kí wọ́n má sì sọ fún ọ, tàbí kí wọ́n ti sọ ọ́ sí àdírẹ́sì tí ẹ ti kúrò. Bèèrè pé: kí ló kù nínú dósíè mi? Kọ ọ́ sílẹ̀, fi ránṣẹ́, má fi ẹnu lásán sọ ọ́ lórí fóònù.

Bí tèmi ṣe lọ nìyí. Wọ́n pe èmi àti ọkọ mi pọ̀. Òṣìṣẹ́ tó gbà wá bọ̀wọ̀ fún wa. Ó bi wá bí a ṣe pàdé, ẹni tó ń san owó ilé, orúkọ àwọn àbúrò ọkọ mi, ohun tí mo mọ̀ nípa ìtàn ilẹ̀ wọn. Àwa méjèèjì fọwọ́ sí ìwé tí a fi búra pé a jọ ń gbé bí tọkọtaya. Inú wa dùn nígbà tí a jáde. Wọ́n ní récépissé ń bọ̀ lẹ́yìn. Oṣù ń gorí oṣù, kò dé. Ọ̀rọ̀ ìwé yìí wọlé tọ̀ wá, ó bá wa jókòó ti oúnjẹ, ó bá wa dé orí ibùsùn. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ti ń bá ara yín jà nítorí rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ tètè sọ ọ́ síta láàárín ara yín. Dídúró yìí máa ń mú kí tọkọtaya máa wo ara wọn bí ọ̀tá, kò sì sí èyí tó jẹ̀bi.

Nígbà tí lẹ́tà dé níkẹyìn, ìwé ìbí mi ni wọ́n ń bèèrè. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ìwọ àti gbogbo ẹni tí wọ́n bí sí Kétu, Pobè, Sábẹ̀ẹ́ àti àwọn abúlé ẹ̀bá ibodè fara balẹ̀ kà. Ẹ mọ bí ìwé ìbí wa ṣe máa ń rí. Ọ̀pọ̀ wa ni kò ní in títí dìgbà tí a fẹ́ ṣe CEP, ìdánwò ìparí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n á sáré lọ sí ilé ẹjọ́ gba jugement supplétif, ìyẹn ìdájọ́ tó ń dúró fún ìwé ìbí, akọ̀wé á sì kọ orúkọ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ, lọ́nà Faransé. Ẹni tó ń jẹ́ Adéṣínà á di Adéchina nínú ìwé ilé ẹjọ́, á di Adessina nínú ìwé ìgbéyàwó, á sì tún yí padà nínú ìwé ìrìnnà. Lójú wa, ẹnì kan ṣoṣo ni. Lójú ẹni tó jókòó sí Rezé, ènìyàn mẹ́ta ni. Abala 47 nínú Code civil kan náà ní kí wọ́n gba ìwé ìbí ilẹ̀ òkèèrè gbọ́, àyàfi bí nǹkan kan bá fi hàn pé kò tọ̀nà tàbí pé ayédèrú ni. Nítorí náà, wọ́n lè dá ìwé rẹ padà sílé pé kí wọ́n lọ bá a wò nínú ìwé ńlá tí wọ́n ti yọ ọ́ jáde.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Àjàṣẹ́ ló bá mi lọ sí Kétu. Akọ̀wé àgbàlagbà kan ní arrondissement jókòó tì í, ó ń tú àwọn ìwé àtijọ́ tí ikán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán, títí wọ́n fi rí orúkọ mi. Ọlọ́run yóò bá mi san án fún un. Nọ́ńbà ìdájọ́ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù ìbí tó wà nínú ìwé ńlá yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ẹ̀dà tí mo ti ń lò láti ilé ìwé. Ilé ẹjọ́ ló tún un ṣe. Ó gba àkókò, ó gba owó, ó gba ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìwé tuntun dé ọwọ́ wọn ni récépissé tó dé ọwọ́ mi.

Nítorí náà, má dúró kí wọ́n bèèrè. Gba copie intégrale (ẹ̀dà kíkún) láti inú ìwé ńlá náà, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ANIP, ilé-iṣẹ́ ìjọba Bẹ̀nẹ̀ tó ń rí sí ìwé ìdánimọ̀, tẹ̀ fún ọ, gbé ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìrìnnà tì í, kí o sì kà wọ́n ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ìbí àti orúkọ ìyá pẹ̀lú. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ilé ẹjọ́ ni kí o lọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ “tò ó” ní kọ̀rọ̀, nítorí ìwé ayédèrú kan ṣoṣo lè ba ìyókù jẹ́ pátápátá, títí kan èyí tó jẹ́ òótọ́.

Yẹ iye ọdún ìgbéyàwó yín wò pẹ̀lú. Ọdún 4 ni òfin ń bèèrè kí ènìyàn tó lè ṣe ìkéde. Ó di ọdún 5 bí ẹni tó ń bèèrè kò bá tíì gbé ilẹ̀ Faransé fún ọdún 3 tó tẹ̀ lé ara wọn lẹ́yìn ìgbéyàwó, tí kò sì lè fi hàn pé ní gbogbo ìgbà tí àwọn jọ gbé lókè òkun, orúkọ ọkọ tàbí aya òun wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ Faransé tó ń gbé lẹ́yìn odi. Ìwọ tí o ń gbé Àjàṣẹ́, bi ọkọ rẹ léèrè bóyá orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àti láti ìgbà wo. Kí ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ní mẹ́rì níhìn-ín sì ti wà nínú ìwé ilẹ̀ Faransé, nítorí láìsí ìyẹn, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe fún ọ.

O bèèrè bóyá ìyàwó mẹ́ta tí bàbá ọkọ rẹ ní yóò ṣe àkóbá fún ọ. Rárá. Ẹni tó ń bèèrè ìwé fúnra rẹ̀ ni òfin ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ gbọ́ mi o: abala 21-4 sọ pé ẹni tó bá ń gbé ìgbé ayé olóbìnrin púpọ̀ kò tíì bá àwùjọ wọn mu, ìjọba sì ní ọdún 2 láti fi ìyẹn takò ó. Ẹ má ṣe fi òfin ẹbí ti ọdún 2004 níhìn-ín ní Bẹ̀nẹ̀ ṣe ààbò, pé kò ka ìgbéyàwó ìbílẹ̀ sí, nítorí náà ìyàwó tí ẹ san owó orí rẹ̀ ní abúlé kì í ṣe ìyàwó. Bí ẹ ṣe ń gbé gan-an ni wọ́n ń wò. Mo mọ ẹni tó pàdánù lórí èyí, ìyàwó rẹ̀ ní abúlé ló sì jìyà ìtìjú rẹ̀ jù.

Nínú gbogbo dídúró yẹn, ọmọ mi àgbà ló dùn mí jù. Mo ti bí i kí n tó fẹ́ ọkọ mi, ó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ó sì ń sún mọ́ ọdún 18. Mo rò pé bí ó bá pé 18 kí èsì tó dé, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Agbẹjọ́rò kan ló fi abala 26-5 hàn mí: bí wọ́n bá ti forúkọ ìkéde sílẹ̀, ọjọ́ tí o fọwọ́ sí i ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé 18 lọ́jọ́ yẹn, tó ń gbé pẹ̀lú rẹ, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìkéde náà, bá ọ wọlé. Bí o bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, rí i dájú pé orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní ti lẹ́tà tí wọ́n ní kí o má kọ: bí récépissé bá wà lọ́wọ́ rẹ, tí ọdún 1 sì ti kọjá lórí rẹ̀, tí wọn kò sọ fún ọ pé ìjọba ń takò ọ́, òfin ti wà lẹ́yìn rẹ. Takíntakò yẹn nìkan ló lè sọ ọdún 1 di 2, ó sì yẹ kó dé etí rẹ. Abala 26-4 ní bí wọn kò bá kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tí òfin fi lélẹ̀, kí wọ́n fún ọ ní ẹ̀dà ìkéde rẹ tí wọ́n ti kọ ìforúkọsílẹ̀ sí lára. Ohun tí o ń bèèrè nìyẹn, kì í ṣe ojú rere. Kọ orúkọ rẹ bí ó ṣe wà nínú dósíè, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà dósíè, ọjọ́ récépissé, àti abala 26-3 àti 26-4. Fi ẹ̀dà récépissé tì í. Fi ránṣẹ́ sí Rezé pẹ̀lú accusé de réception (ìwé ẹ̀rí pé wọ́n gbà á), kí ẹ̀dà kan lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó gbà yín ní Kútọnu. Àbúrò ọkọ rẹ tó wà ní ilẹ̀ Faransé lè bá ọ fi sí pọ́ọ̀sì. Kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó má gùn. Kò sí ẹni tí inú ń bí nítorí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti dá a lóhùn.

Nígbà tí mo kọ tèmi, ìdáhùn tó wá ni pé wọ́n ti forúkọ ìkéde mi sílẹ̀ kí ọdún tó pé, pé ẹ̀dà tó yẹ kí n gbà ló dúró sí ọ́fíìsì kan lójú ọ̀nà. Ká ní mi ò kọ̀wé, ibẹ̀ ni ì bá ṣì wà.

Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ìwé tó máa wá gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀. O ní oṣù 6 láti gbé e lọ sí tribunal judiciaire, ilé ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ Faransé. Ti Paris ni fún ẹni tó ń gbé níhìn-ín, pẹ̀lú agbẹjọ́rò. Àwọn kan á sọ fún ọ pé ilé ẹjọ́ Nantes ni. Ti àwọn tó gba ìwé nípa décret (àṣẹ ìjọba) nìyẹn, kì í ṣe ti ìgbéyàwó. Oṣù 6 kì í pẹ́ lọ, má fi wá ọ̀nà tí kò kàn ọ́.

Tí ìwé bá sì dé, ẹ má pínyà sí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìnídìí. Bí ẹ bá dẹ́kun láti jọ máa gbé láàárín oṣù 12 lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀, òfin yóò kà á sí àmì jìbìtì. Agbẹjọ́rò ìjọba sì ní ọdún 2 lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ láti sọ pé kò tọ́ sí ọ. Bí iṣẹ́ bá gbé ọkọ rẹ lọ sí Kútọnu tàbí Paraku, tọ́jú àdéhùn iṣẹ́ náà, owó tó ń fi ránṣẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ìrìnàjò yín, ìwé owó ilé tó ní orúkọ yín méjèèjì. Irú àwọn ìwé wọ̀nyí ni mo ń tọ́jú jù lọ nílé wa.

Kọ ọjọ́ tó wà lára récépissé rẹ ránṣẹ́ sí mi, tàbí kí o sọ pé kò sí. Ẹ̀dà lẹ́tà tèmi wà níbí. Màá yọ orúkọ mi kúrò, màá fi ránṣẹ́ sí ọ, kí o lè kọ tìrẹ lọ́sẹ̀ yìí.